Lẹ́ẹ̀sì funfun ń di eérú nínú kámẹ́rà mi, ẹ gbà mí o

Aránṣọ_Sábó:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹni tó bá mọ̀ nípa kámẹ́rà kó dá mi lóhùn, kiní yìí ti fẹ́ sọ mí di onígbèsè.

Aránṣọ ni mí, Ìkòròdú níbí ni mo wà, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Sábó. Aṣọ obìnrin ni mo ń rán, lẹ́ẹ̀sì, aṣọ òkè, ìró àti bùbá, gáùn ìyàwó náà wà níbẹ̀. Fóònù ni mo fi ń ya iṣẹ́ mi tẹ́lẹ̀, àfi bí mo ṣe ra Canon 700D kan lóṣù tó kọjá lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń jáde nílùú, tòun ti lẹ́ǹsì 18-55 tó bá a wá àti 50mm f/1.8 kékeré kan. Mo ní ó parí, fọ́tò mi á máa dán báyìí. Irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí lẹ́ẹ̀sì funfun. Funfun báláú ni mo rán o, funfun tó ń tàn yanran, ṣùgbọ́n tí n bá ti yà á tán ó ti di eérú, bí aṣọ tí wọ́n ti ń fi omi kànga fọ̀ láti ọdún mẹ́ta. Ọmọ iṣẹ́ mi tó ń bá mi wọ aṣọ náà, ọmọ yẹn dúdú ó sì ń dán, àmọ́ nínú fọ́tò ńṣe lojú ẹ̀ máa ń rí bí ẹni tí ò fi ìpara kanra láti àárọ̀. Tó bá wá yí po kí gáùn lè fẹ̀, gbogbo ẹ̀ á di kùrukùru.

Ọmọkùnrin kan tó ń ya fọ́tò òde ládùúgbò wa ní kí n kúrò lórí A+ aláwọ̀ ewé yẹn tí kámẹ́rà ti ń ṣe gbogbo ẹ̀ fúnra ẹ̀, kí n gbé e sí M tí mo máa fọwọ́ ara mi yí gbogbo ẹ̀, ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí), f/1.8 (bí ihò lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó, nọ́ńbà kékeré ni ihò ńlá), ṣọ́tà 1/500 (ìdá ìṣẹ́jú-àáyá tó fi ń ṣí), kí n má sì fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ láé. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣókùnkùn bí inú àpò, àwọn ìlà dúdú kan tún ń là á kọjá bí ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ayé ìjọ́un bá ń ṣe wèrè, èyí tó wá burú jù, gbogbo ẹ̀ ń ṣe búlúù. Ìgbà tó wà lórí A+ kì í ṣe búlúù o, eérú nìkan ni.

Búlúù yẹn ló dá mi lágara. Mo rán lẹ́ẹ̀sì kan tí àwọ̀ ẹ̀ dà bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, mo yà á, mo fi fóònù mú kó mọ́lẹ̀ díẹ̀, mo gbé e sórí Wasáàpù. Obìnrin kan n'Íbàdàn rí i, ó ní irú ẹ̀ gan-an lòun fẹ́ fi ṣe ọjọ́ ìbí, ó san ìdajì owó, mo wá irú lẹ́ẹ̀sì yẹn rí, mo rán an, mo fi rán ọkọ̀. Ó débẹ̀ ló pè mí, “Àǹtí, búlúù òfuurufú ni mo rà o, ta ló ni aláwọ̀ ewé yìí?” Mo fẹ́ gbaná jẹ, mo wo fọ́tò yẹn padà, òótọ́ ló ń sọ. Aṣọ náà ti padà wá, orí hángà ló wà lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń tẹ èyí, mo dá owó ẹ̀ padà, owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ sì jẹ́ tèmi.

Ẹ kọ sẹ́tìn tí mo máa lò fún mi, kí n kọ ọ́ sí bébà kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà. Mi ò lówó fláàṣì ńlá. Iná LED mẹ́rin ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ògiri mi aláwọ̀ ewé ni, tí ìyẹn bá kàn án.

Ọ̀gá_Lẹ́ǹsì:

700D ti pẹ́ o, 2013 ni wọ́n ti gbé e jáde. Ẹ tà á, kẹ́ ẹ fowó kún un kẹ́ ẹ ra kámẹ́rà full frame, tí ojú tó ń gba àwòrán nínú ẹ̀ tóbi ju tiyín lọ, àti lẹ́ǹsì 85mm f/1.4. Ẹni tó bá fẹ́ ya fáṣọ̀n kì í fi kámẹ́rà yẹn bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Àgbádárìgì:

Ọ̀gá Lẹ́ǹsì, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ọkọ̀ aṣọ láti Ìbàdàn lẹ ní kó lọ ra 85mm f/1.4. Ẹ ṣàánú èèyàn.

Àǹtí, ẹ má tà á. Àgbádárìgì níbí ni mo ti ń ya fọ́tò, kámẹ́rà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ò tó tiyín rárá. Ẹ jẹ́ n mú ti lẹ́ẹ̀sì funfun, nítorí òun náà ló kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Kámẹ́rà ò mọ̀ pé lẹ́ẹ̀sì ni o. Nǹkan tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú ẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ ọ: ohunkóhun tí wọ́n bá ti gbé síwájú ẹ̀, kó mú un wá sí àárín méjì, kó má funfun kó má dúdú, àwọ̀ eérú kan báyìí tí àwọn onífọ́tò ń pè ní 18%. Ẹ wá fi lẹ́ẹ̀sì funfun kún ojú ẹ̀, ó ní há, ìmọ́lẹ̀ yìí ti pọ̀ jù, ó bá dín in kù, lẹ́ẹ̀sì di eérú. Ẹ gbé fẹ́lífẹ́ẹ̀tì dúdú síwájú ẹ̀ lọ́la, eérú yẹn náà ló máa sọ ọ́ dà. Torí náà ẹ gbé e sórí Av, níbi tẹ́ ẹ ti ń yan ihò lẹ́ǹsì tí kámẹ́rà á sì yan ṣọ́tà, ẹ wá bọ́tìnnì tí wọ́n ya àmì àròpọ̀ àti àyọkúrò sí lára, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ sì yí róńdò tó wà lókè, +1 fún lẹ́ẹ̀sì funfun, ó lè lé díẹ̀ pàápàá, fẹ́lífẹ́ẹ̀tì dúdú ẹ gbé e lọ sí -1.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá le ni pé ojú ọmọ yín dúdú, aṣọ ọrùn ẹ̀ funfun, inú fọ́tò kan náà ni àwọn méjèèjì sì wà. Tẹ́ ẹ bá ní ojú lẹ fẹ́ kó mọ́, lẹ́ẹ̀sì á jóná, gbogbo ihò ara ẹ̀ á dí, á wá dà bíi bébà tí wọ́n gé. Èyí tó bá sì ti jóná ti lọ nìyẹn, kò sí ápù tó lè dá a padà, ṣùgbọ́n ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀ ṣeé fà jáde. Nítorí náà lẹ́ẹ̀sì ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Tẹ́ ẹ bá ń wo fọ́tò tẹ́ ẹ yà, ẹ máa tẹ bọ́tìnnì INFO títí àlàyé fọ́tò náà á fi jáde, ibi tó bá jóná á máa ṣẹ́jú pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́, òun ni wọ́n ń pè ní Highlight alert. Ẹ máa gbé ìmọ́lẹ̀ sókè títí lẹ́ẹ̀sì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, kẹ́ ẹ wá dá a padà díẹ̀. Ojú ọmọ ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé lọ bá a. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n mọ́ inú páálí, ẹ lọ bẹ àwọn tó ń ta tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń dà á nù ni. Kí ẹnìkan dì í mú síwájú ẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àyà, kó dagun díẹ̀ sókè, ẹ óò rí i bí ojú ọmọ náà á ṣe là, tí ìmọ́lẹ̀ kékeré kan á sì bọ́ sínú ẹyinjú ẹ̀.

Níbí tiwa iyanrìn etí òkun ló ń ṣe iṣẹ́ fóòmù yẹn fún wa. Tá a bá wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Gbẹ̀rẹ̀fú láti lọ ya aṣọ, mi ò kì í gbé nǹkan kan dání, ilẹ̀ fúnra ẹ̀ ń da ìmọ́lẹ̀ padà sójú. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀sán o! Oòrùn ọ̀sán tiwa òkè orí ló ń dúró, pàápàá oṣù kẹrin àti oṣù kẹsàn-án, gèlè á kàn dà òjìji lé ojú títí dé ẹnu, ihò ojú á dúdú bíi ti egúngún. Ẹ jẹ́ kó di aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Kẹ́ ẹ sì tètè, torí ìrọ̀lẹ́ tiwa kì í pẹ́, ká tó wí ká tó fọ̀ ilẹ̀ ti ṣú.

Nǹkan kan tún wà, kò kan lẹ́ẹ̀sì. Ẹ má gbé kámẹ́rà jáde láti inú mọ́tò tí ésì ti ń fẹ́ kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ ya fọ́tò lójú ẹsẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ǹsì bu omi jọ bí ìgò mínírà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú yìnyín, mo ń nù ún ó tún ń bu, ìyàwó àti gbogbo ọ̀rẹ́ ẹ̀ dúró tì mí nínú oòrùn fún bí ìdajì wákàtí, ìyá ìyàwó ń wò mí bí olè. Inú báàgì ni kẹ́ ẹ fi sí, kẹ́ ẹ pa síìpù ẹ̀ dé, kó bá ooru ìta dọ́gba kẹ́ ẹ tó mú un jáde.

Bàbá_Fótò_Ẹ̀pẹ́:

Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Ọmọ Àgbádárìgì, o kú iṣẹ́.

Ìwọ ọmọ mi aránṣọ, o ti sọ ohun tó ń ṣe ọ́ fúnra rẹ. O ní lórí A+ kì í ṣe búlúù, ìgbà tó o kúrò níbẹ̀ ló di búlúù. Lórí A+ kámẹ́rà fúnra ẹ̀ ló ń pinnu irú ìmọ́lẹ̀ tó wà níwájú ẹ̀. Tó o bá ti bọ́ sórí M tàbí Av, ohun tí ẹni tó tà á fún ọ fi sílẹ̀ níbẹ̀ ló ń lò. Tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ WB sí, òun ló ń sọ irú ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ fún kámẹ́rà. Mo fi fìlà mi jẹ́jẹ̀ẹ́, àwòrán gílóòbù lo máa bá níbẹ̀.

Gílóòbù ayé àtijọ́, èyí tó máa ń gbóná tó ń pọ́n bí epo, òun ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Lórí ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Kelvin, nǹkan bíi 3200 ni ìmọ́lẹ̀ ẹ̀. Kámẹ́rà á da búlúù lé e kó lè pa pupa yẹn, kí funfun lè jẹ́ funfun. Oòrùn ọ̀sán tó bí 5500, iná LED funfun tìrẹ náà ò pọ́n bíi ti gílóòbù, búlúù tó dà lé e ò wá rí pupa tó máa pa, ó bá jókòó sórí aṣọ rẹ. Òun ló jẹ ọ́ lówó ọkọ̀ Ìbàdàn. Tó o bá wà nínú oòrùn, àwòrán oòrùn ni kó o yàn, tó o bá wà lábẹ́ ibòji, àwòrán ilé tó ní òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn ń lọ sí nǹkan bí 7000 nítorí ìmọ́lẹ̀ ibòji máa ń tutù. Tó o bá fẹ́ kó dá ọ lójú ju ìyẹn lọ, ra páálí eérú tí wọ́n ṣe fún un, kò wọ́n, yà á níbi tó o ti fẹ́ ya aṣọ, kó o sọ fún kámẹ́rà nínú mẹ́nù pé òun ni kó fi ṣe ìwọ̀n. Má fi lẹ́ẹ̀sì funfun ṣe é, má sì fi bébà ìtẹ̀wé ṣe é, wọ́n máa ń po oògùn kan tó ń mú nǹkan funfun sí wọn lára, nínú oòrùn ó máa ń yọ búlúù díẹ̀, á sì tàn ọ́ jẹ.

Àwọn ìlà dúdú, NEPA ni. Iná tiwa ń lọ ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn 50, iná ṣọ́ọ̀bù rẹ á sì máa mọ́ á máa rẹlẹ̀ ní ìgbà 100. Ojú wa ò rí i, ṣùgbọ́n kámẹ́rà rí i, nítorí ní 1/500 ṣọ́tà ò ṣí tán lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni ń fa kọ́tìnnì ni, ibi tó bá bá iná nígbà tó rẹlẹ̀ á dúdú. Nínú ilé, 1/100 tàbí 1/50 ni kó o lò, ìlà á lọ. Àmọ́ ní 1/100 ọmọ tó ń yí po á di kùrukùru. Ṣó o ti rí i? Èyí tó ń tún ọ̀kan ṣe ló ń ba ìkejì jẹ́. Torí náà jáde nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ògiri aláwọ̀ ewé náà kàn án dáadáa, ìmọ́lẹ̀ tó bá lù ú, ewé ló máa gbé padà sára ọmọ dúdú àti sára lẹ́ẹ̀sì.

Ọ̀rọ̀ bébà tó o ní o fẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣé o lè fi ìwọ̀n àyà oníbàárà kan rán aṣọ fún gbogbo Sábó? Tẹ́ẹ̀pù lo máa fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kámẹ́rà náà, ibi tó o bá dúró sí àti aago tó bá lù lo máa wọ̀n. Nígbà tiwa, ìwé pélébé kan tó wà nínú páálí fíìmù la fi ń bẹ̀rẹ̀: oòrùn tó mú ganrín, f/16, kí ṣọ́tà bá nọ́ńbà fíìmù dọ́gba, fíìmù 100 o lo 1/125. Fọ́tò 36 péré ló wà nínú ẹ̀, kò sí gíláàsì lẹ́yìn tó o máa wò, ọjọ́ tó o bá fọ̀ ọ́ lo máa mọ̀ bóyá o ti jẹ gbèsè. A máa ń ronú ká tó tẹ̀ ẹ́.

Bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ páànù tó yọ síta, tí oòrùn ò ti kan ara ọmọ ṣùgbọ́n tó ń rí ojú ọ̀run. Ìrọ̀lẹ́. M, f/4, 1/500 tó bá máa yí po, ISO 400. Yà á, wò ó. Tó bá ṣókùnkùn gbé ISO lọ sí 800, kámẹ́rà rẹ gbé e dáadáa, má bẹ̀rù. Tó bá dúró jẹ́ẹ́, mú ṣọ́tà wá sí 1/200, kó o dá ISO padà. M ni mo yàn fún ọ dípò Av, torí tó o bá ti rí èyí tó dáa, aṣọ mẹ́wàá tó o bá yà tẹ̀ lé ara wọn lójú ìmọ́lẹ̀ kan náà á jáde bó ṣe rí gan-an, funfun ìbá à jẹ́ dúdú ìbá à jẹ́. Kámẹ́rà ò ní máa dá sí i mọ́.

Ó ku ọ̀kan, òun ni mo tiẹ̀ torí ẹ̀ kọ èyí. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lò ń tà, kì í ṣe ojú ọmọ iṣẹ́. Má jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ti iwájú wá bá aṣọ. Jẹ́ kó ti ẹ̀gbẹ́ wá. Tó bá ti iwájú wá, lẹ́ẹ̀sì á tẹ́ bí pátákó, tó bá gba ẹ̀gbẹ́, gbogbo òwú á ní òjìji tiẹ̀, ihò á dá yàtọ̀, iṣẹ́ ọnà ọrùn á yọ síta bí ẹni pé èèyàn lè fọwọ́ bà á. Lọ wo àwọn fọ́tò irun tí J.D. 'Okhai Ojeikere, onífọ́tò ilẹ̀ wa, bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968, dúdú àti funfun ni gbogbo ẹ̀, ẹ̀yìn orí ni wọ́n sábà máa ń yà, ojú obìnrin náà ò sí níbẹ̀, síbẹ̀ o lè ka irun dídì kọ̀ọ̀kan. Irú ẹ̀ ni kó o fi bùbá ṣe.

Ìyá_Onígèlè:

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ̀mí yín á gùn. Èmi ò mọ kámẹ́rà o, gèlè ni mo ń wé, Ìkòròdú náà ni mo wà, ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin onífọ́tò. Kí ló dé tó jẹ́ pé tí mo bá wé gèlè tí mo fi ogójì ìṣẹ́jú tò ó ní ìpele ìpele, ojú ìyàwó nìkan ló máa ń mọ́ nínú fọ́tò yín, etí gèlè á ṣe bàìbàì? Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí, pé bókè ni, kí ohun tó wà lẹ́yìn lè ṣe bàìbàì. Bókè kọ́, iṣẹ́ mi lẹ pa.

Àti àwọn tó máa fi ápù fọ ojú ọmọ títí tó fi dà bí ẹni tí wọ́n bó láwọ. Ọmọ dúdú lẹ yà, ọmọ dúdú ni kẹ́ ẹ fún wa padà.

Ọmọ_Àgbádárìgì:

Ìyá wa, ẹ fún wa ní ẹgba, ó tọ́ sí wa. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé f/1.8 yẹn, torí àǹtí Sábó náà á kò ó lọ́nà. Tẹ́ ẹ bá fi 50mm ya orí àti gèlè láti mítà kan àbọ̀ lórí 700D, ní f/1.8 ohun tó máa mọ́ ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 lọ láti iwájú sẹ́yìn. Ojú mọ́, etí gèlè ti jáde. Ní f/8 ó ń sún mọ́ 27, gèlè wọlé. Torí náà tó bá ti kan gèlè, f/8, 1/160, ISO 800 lábẹ́ ibòji ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ fi ojú kan ṣe fókọ́ọ̀sì, ojú tó sún mọ́ yín jù. Tó bá jẹ́ gbogbo ara láti orí dé bàtà, ẹ máa sún sẹ́yìn tó mítà mẹ́rin àbọ̀ kí 50mm tó gbà á, ibẹ̀ f/2.8 tàbí f/4 ti tó, ẹ̀yìn ẹ̀ náà á sì rọ̀.

Ẹ má tìtorí pé àyè kéré kẹ́ ẹ wá lọ fi 18mm tó wà lára lẹ́ǹsì kejì yẹn dúró sí abẹ́ imú ọmọ. Ohun tó bá sún mọ́ lẹ́ǹsì ló ń tóbi, tẹ́ ẹ bá dúró tẹ́ ẹ yà á láti òkè, orí á di ìkòkò, ẹsẹ̀ á di ti ọmọdé, gáùn tẹ́ ẹ gé gígùn á kúrú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí kámẹ́rà wà ní ìbàdí ẹ̀.

Ọ̀gá_Lẹ́ǹsì:

Ó dáa, wọ́n ti bú mi, mo ti gbọ́. Ẹ máa lo 700D yín. 50mm yẹn lórí rẹ̀ ń ríran bíi 80mm lórí full frame, kò burú rárá, mo ń sọ ti owó mi ni.

Ṣùgbọ́n àǹtí, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ra fláàṣì kékeré kan, ẹ má fi ṣọ́tà kọjá 1/200 lórí kámẹ́rà yẹn, tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ọ̀pá dúdú kan á bo apá kan fọ́tò, yàtọ̀ sí tí fláàṣì náà bá jẹ́ èyí tó lè bá ṣọ́tà tó yára ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní high-speed sync. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá gbé fláàṣì jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìdá mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ló kù, kì í ṣe ìdajì. Mítà kan f/8, mítà méjì ó di f/4. Èèyàn púpọ̀ ò mọ ìyẹn, wọ́n á kàn máa bú bátìrì.

Kẹ́ ẹ sì yà á ní RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, àti JPEG, fọ́tò lásán, pọ̀. JPEG fún Wasáàpù lójú ẹsẹ̀, RAW fún ọjọ́ tí búlúù bá tún fẹ́ ṣẹlẹ̀, torí nínú RAW ẹ lè yí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yà á tán, ápù Lightroom orí fóònù ṣí i. Ká ní RAW lẹ fi ya lẹ́ẹ̀sì Ìbàdàn yẹn ni, ìṣẹ́jú kan ni.

Aránṣọ_Sábó:

Bàbá Ẹ̀pẹ́!!! Gílóòbù ni mo bá níbẹ̀! Mo tẹ WB báyìí, àwòrán gílóòbù kékeré ló jókòó síbẹ̀, ó ń wò mí. Fìlà yín bọ́ o, ẹ máa dé e lọ. Mo ti fẹ́ pe ẹni tó tà á fún mi kí n bú u, ọmọ ìyá mi ló dá mi lẹ́kun.

Lánàá Sátidé la ṣe é. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, abẹ́ páànù iwájú ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí àwọn tó ń ta àgbàdo sísun sún díẹ̀ torí èéfín. Mo gba fóòmù lọ́wọ́ bọ̀dá kan tó ń ta tẹlifíṣọ̀n, ọmọ iṣẹ́ kejì ló dì í mú, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ sáré kọjá tí atẹ́gùn ẹ̀ gba fóòmù yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kejì a lé e títí dé ojú gọ́tà. Mo fi í sí àwòrán ilé olójìji. f/4, 1/500, ISO 400, ó ṣókùnkùn, mo gbé e dé 800. Highlight alert ń ṣẹ́jú léjìká, mo gbé ṣọ́tà lọ sí 1/640, kò ṣẹ́jú mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́ẹ̀sì funfun FUNFUN. Mo ń rí ihò, mo ń rí òwú tó yí ihò ká, mo ń rí òkúta wẹ́wẹ́ tí mo fọwọ́ gán mọ́ ọn lára. Ọmọ yẹn yí po, gáùn fẹ̀ bí agbòòrùn, ó dúró ketekete. Ojú ẹ̀ dúdú ó ń dán bó ṣe rí gan-an, ó ti fi gbogbo ẹ̀ sórí sítétọ́ọ̀sì tiẹ̀ kí n tó gbé tèmi jáde. Mo tún ya aláwọ̀ ewé tó ti Ìbàdàn bọ̀ yẹn, mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ mo wò wọ́n, wọ́n bára mu. Obìnrin kan n'Íjẹ̀dẹ̀ ti ń bèèrè iye tó jẹ́, ó ní kí n gé owó díẹ̀, mo ní rárá.

Ó ku ẹ̀dùn kan. Aṣọ òkè tó ní ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín, nínú fọ́tò ó ń ṣe òṣùmàrè kan báyìí, ó ń dà bí omi tó ń rú. Aṣọ fúnra ẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé lẹ́ǹsì ló bàjẹ́?

Bàbá_Fótò_Ẹ̀pẹ́:

Lẹ́ǹsì ò bàjẹ́. Inú kámẹ́rà ìlà wà, ara aṣọ ìlà wà, tí àwọn méjèèjì bá fẹ́ bára dọ́gba tí wọn ò dọ́gba tán, wọ́n á máa jà. Sún sẹ́yìn ìṣísẹ̀ méjì tàbí kó o súnmọ́ ọn, tàbí kó o ní kí ọmọ náà yí ara ẹ̀ díẹ̀. Kó o sì fa fọ́tò náà tóbi wò kó o tó bínú, nígbà mìíràn gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà ló ń parọ́, inú fọ́tò gan-an kò sí.

Ìyá_Onígèlè:

Aránṣọ, ta ló wé gèlè ọmọ yẹn? Ó wọ́ sápá òsì. Wá bá mi ní Sátidé tó ń bọ̀, mi ò ní gba owó, orúkọ mi ni kó o kọ sábẹ́ fọ́tò.

Aránṣọ_Sábó:

Màmá, èmi ni mo wé e, ẹ má bínú. Mo ń bọ̀.

Bàbá, mo sún sẹ́yìn, òṣùmàrè yẹn lọ. Ṣùgbọ́n fọ́tò yìí ti wá mọ́ jù fún mi o. Mo fa ojú ẹ̀ tóbi láti wo ìlà aṣọ òkè, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé èjìká ọ̀tún bùbá yẹn wọ́, ìránṣọ ẹ̀ ti yà kúrò lójú ìlà. Ọjọ́rú ni wọ́n fẹ́ wá gbé e. Mo ti gbé abẹ́, mo ń tú u lọ́wọ́.